Ṣé módẹ́lì lè mọ̀ pé gíríìdì ò ní dúró lẹ́yìn fọ́ọ̀tì, kí ó tó ṣubú?

Ọmọ_Kíláàsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bí fọ́ọ̀tì (àbùkù bíi kí wáyà kan ara wọn tàbí kí mànàmáná bà á) bá bá wáyà ńlá 330 kV, relay (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà) á rí i, brékà (swíìṣì ńlá) á sì ṣí láàárín nǹkan bí 100 ms, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni mo ń béèrè: ṣé gbogbo jẹnẹrétọ̀ á ṣì jọ máa yí lẹ́sẹ̀ kan náà ni, àbí ọ̀kan á já kúrò lára ẹgbẹ́, tí á sì fa ìyókù lulẹ̀? Simulation lè dáhùn, ṣùgbọ́n kì í yá. Mo rí i pé wọ́n ń fi decision tree (ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ léra), LSTM (módẹ́lì tó ń ka dátà tó ń tẹ̀ léra ní àkókò) àti graph neural network (èyí tó mọ bí wáyà ṣe so mọ́ra) ṣe é. IEEE 39-bus, gíríìdì ìdánwò tó ní bus (ojú ìsopọ̀ wáyà) 39, ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń tò dátà rẹ̀, ó máa ń tó mélòó, ibo ló sì ti máa ń bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ orí ahọ́n.

Ọ̀gá_Relay:

Àbúrò, iṣẹ́ méjì lo dà pọ̀ yẹn. Yà wọ́n kí o tó kọ kóòdù kankan.

Ti àkọ́kọ́, fọ́ọ̀tì ò tíì dé. Módẹ́lì ń wo bí gíríìdì ṣe wà nísinsìnyí (MW jẹnẹrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, fóltéèjì bus, wáyà tó wà lẹ́nu iṣẹ́), ó sì ń sọ pé bí wáyà lágbájá bá jábọ́, a ó dúró tàbí a ò ní dúró. Nínú gíríìdì ńlá, ohun tó lè jábọ́ lè tó 2,000. Bí simulation ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba core kan (apá kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò) ní ìṣẹ́jú-àáyá 2, ó di 4,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ó ju wákàtí kan lọ. Core 32 á sọ ọ́ di 125. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ bí o bá tún fẹ́ dán ọgbọ̀n oríṣi ìtò lóòdù wò fún ọ̀la, ó tún padà di ohun tó ju wákàtí kan lọ. Asẹ́ ni módẹ́lì níbí: kí ó jọ 1,800 tí kò léwu dànù, kí ó ṣẹ́ 200 kù fún simulation. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 àti ààbọ̀ ni 200 yẹn máa gbà.

Ti èkejì, fọ́ọ̀tì ti dé, brékà ti ṣí. PMU (ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń lo aago GPS) ń rán phasor (bí fóltéèjì ṣe tóbi tó àti igun rẹ̀) wá ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí fọ́ọ̀tì wà lórí wáyà, fóltéèjì ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, kò rí ibi ti MW rẹ̀ sí, tọ́báìnì sì ń tì í lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ó ń sáré ju ẹgbẹ́ lọ. Tó bá máa sọnù ní ìgbì àkọ́kọ́, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sí ọ̀kan ni. Inú àkókò yẹn ni kí o ti ka dátà, kí o pinnu, kí àṣẹ sì ti dé ọ̀dọ̀ brékà.

Wọn kì í fi módẹ́lì kan ṣoṣo ṣe méjèèjì.

Adátàjọ:

Ẹ jẹ́ n gba ti dátà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. IEEE 39-bus tí o dárúkọ yẹn ní jẹnẹrétọ̀ 10, wáyà 34 àti tánsífọ́mà 12, lóòdù rẹ̀ sì lé ní 6,000 MW. New England ni wọ́n ti yọ ọ́, nítorí náà 60 Hz ni: cycle 6 ni 100 ms níbẹ̀, kì í ṣe 5 bíi tiwa. Ẹni tó bá gbé setting relay 50 Hz wọ inú rẹ̀ láìyí i padà ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà.

Ṣe ipò ìṣiṣẹ́ 500. Má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe ìsọdipúpọ̀ gbogbo lóòdù. Jẹ́ kí lóòdù kọ̀ọ̀kan máa rìn fúnra rẹ̀ láàárín 70% sí 120%, kí o tún pín iṣẹ́ fún jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o pa ọ̀kan tàbí méjì nígbà mìíràn kí inertia (agbára inú ẹ̀rọ tó ń yí, tí kì í jẹ́ kí frequency tètè yí padà) lè wálẹ̀. Yanjú load flow (ìṣirò bí iná ṣe ń ṣàn lórí wáyà kọ̀ọ̀kan). Èyí tí kò yanjú, àti èyí tí fóltéèjì rẹ̀ bọ́ síta 0.95 sí 1.05 (1 ni iye tó yẹ kó jẹ́), dà á nù. Bí o ò bá dà á nù, módẹ́lì á máa kọ́ nípa gíríìdì tí ẹnì kan ò ní jẹ́ kó wà láyé.

Fi fọ́ọ̀tì three-phase (tó kan wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta) sí 10%, 50% àti 90% wáyà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkókò ìjá mẹ́ta: 80, 150 àti 250 ms. Yọ wáyà 16–19 sọ́tọ̀ o! Bó bá ti jábọ́, bus 19, 20, 33 àti 34 di erékùṣù pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ méjì nínú. Igun rotor (apá jẹnẹrétọ̀ tó ń yí) tó wà láàárín àwọn yẹn àti ìyókù á máa fẹ̀ títí láé, label rẹ (ìdáhùn tí módẹ́lì ń kọ́) á sì máa kígbe pé gíríìdì ṣubú, nígbà tó jẹ́ pé ó pín sí méjì ni. Wáyà 33 ló kù: 500 × 33 × 3 × 3 jẹ́ 148,500. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, core 16 á parí rẹ̀ kí wákàtí mẹ́ta tó pé.

Label: mú igun tó fẹ̀ jù láàárín jẹnẹrétọ̀ méjì èyíkéyìí, pè é ní δ. Ìwọ̀n ìdúróṣinṣin ni 100 × (360 − δ) / (360 + δ). Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, ó ti ṣubú. Tọ́jú nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀, má tọ́jú bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ nìkan, torí ẹ̀yìn ọ̀la á fẹ́ mọ bó ṣe sún mọ́ etí tó.

Jẹ́ kí simulation sáré dé ìṣẹ́jú-àáyá 10. Àwọn tó ń dá a dúró ní 3 máa ń pàdánù èyí tó la ìgbì àkọ́kọ́ já tó sì kú ní ìkẹta tàbí ìkẹrin nítorí damping (ohun tó ń pa ìgbọ̀n náà) tí kò tó.

Ọmọ_Kíláàsì:

Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá pín 148,500 yẹn lọ́nà àìròtẹ́lẹ̀, 80% fún kíkọ́, 20% fún ìdánwò, ó dáa bẹ́ẹ̀?

Adátàjọ:

Rárá o. Àpẹẹrẹ 297 ló ń ti inú ipò ìṣiṣẹ́ kan ṣoṣo jáde (33 × 9). Bí o bá pín wọn láìwo ibi tí wọ́n ti wá, ìyá wà nínú ìwé kíkọ́, ọmọ wà nínú ìdánwò. Módẹ́lì ti rí ipò náà tẹ́lẹ̀, ó kàn ń rántí ni. Ipò ìṣiṣẹ́ ni kí o pín: 400 fún kíkọ́, 100 fún ìdánwò, kí ohunkóhun tó wá láti ara ipò kan má sì kọjá ààlà. Tún fi àwọn ìtò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan pamọ́ pátápátá, bíi ìgbà tí wáyà kan wà fún àtúnṣe, kí módẹ́lì má rí wọn rí títí di ọjọ́ ìdánwò. Máàkì á já wálẹ̀. Èyí tó já wálẹ̀ yẹn ni òótọ́.

Má sì jẹ́ kí accuracy tàn ọ́. Gba ọ̀ràn 10,000, kí 300 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣubú. Módẹ́lì tó kàn ń sọ "á dúró" fún gbogbo wọn ti gba 97%, kò sì mọ nǹkan kan. Wàyí o, ká ní módẹ́lì tó dáa mú 285 nínú 300, tó sì pariwo lásán fún 3% nínú 9,700 tó kù. Ariwo lásán 291 nìyẹn. Àpapọ̀ ariwo jẹ́ 576, òótọ́ inú rẹ̀ ò sì pé ìdajì. Bó bá jẹ́ asẹ́ ni, kò burú, simulation á yẹ 576 wò. Ẹni 15 tó yọ́ kọjá ni ìṣòro. Sún ìlà ìpinnu wálẹ̀ títí 15 yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí o gbà kí ariwo pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kejì tí Ọ̀gá_Relay sọ ni, tí ariwo lásán túmọ̀ sí kí a mú iná kúrò lọ́wọ́ àdúgbò kan, ìṣirò náà yí padà pátápátá.

Ìyá_Frequency:

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé. National Control Centre wà ní Òṣogbo. Ká ní wọ́n gbé módẹ́lì tó péye jù lọ síbẹ̀ lọ́la, kí ló fẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tí spinning reserve (agbára tó wà ní ìmúrasílẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń yí) ò sí?

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ká sọ pé ẹ̀rọ tó wà lórí gíríìdì jẹ́ 4,500 MVA, inertia wọn ní ìpíndọ́gba sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 4. Agbára tó wà nínú yíyí wọn jẹ́ 18,000 MW-ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ kan ní Egbin jẹ́ 220 MW. Bó bá jábọ́, frequency á máa wálẹ̀ ní 220 × 50 / (2 × 18,000), ìyẹn 0.31 Hz ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Grid Code ti Nàìjíríà sọ pé 49.75 sí 50.25 Hz ni ti ọjọ́ tó dáa, 48.75 sí 51.25 ni ti ọjọ́ wàhálà. Bí governor (ohun tó ń fi agbára kún tọ́báìnì nígbà tí frequency bá wálẹ̀) kankan ò bá dáhùn, láti 50 dé 48.75 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré. Bí ẹ̀rọ méjì bá jábọ́ pọ̀, ó di méjì. Fóònù ò tíì dún tán lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè.

Governor tí wọ́n tì pa, módẹ́lì ò lè ṣí i.

Ọ̀gá_Relay:

Mà, òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Módẹ́lì kì í bí MW. Ṣùgbọ́n níbi tí reserve ò sí gan-an ni gígé lóòdù ti di ohun kan ṣoṣo tó kù, ibẹ̀ ni módẹ́lì sì ti wúlò: èló ni ká gé, níbo?

Relay under-frequency tí gbogbo wa mọ̀ ń dúró de ìlà kan, lẹ́yìn náà ó gé búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n ti yàn sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá fídà tó ń gé ń gbé 40 MW tàbí 4 ní wákàtí yẹn. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ fídà tí wọ́n ti pa tẹ́lẹ̀. Bó bá gé díẹ̀ jù, frequency ń wálẹ̀ lọ. Bó bá gé jù, wàhálà tiwa gan-an nìyẹn: frequency fò sókè, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ nítorí over-frequency. Wáyà 330 kV tí lóòdù ti kúrò lórí rẹ̀ sì ń bí nǹkan bí 0.4 MVAr (agbára reactive, tó ń ti fóltéèjì sókè) ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Wáyà 250 km á da 100 MVAr lé gíríìdì lórí. Bí reactor (ẹ̀rọ tó ń gba MVAr yẹn mọ́ra) ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, fóltéèjì á gòkè, over-voltage relay á já wáyà mìíràn, ó sì ti parí. Àìtó MW ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àpọ̀jù MVAr ló sì pa á.

Ohun tí módẹ́lì kékeré lè ṣe: ó ka bí frequency ṣe ń já wálẹ̀ ní 200 ms àkọ́kọ́ àti lóòdù tó wà lórí fídà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú yẹn, ó sì yan àkójọ fídà tó sún mọ́ iye tí a pàdánù jù, pẹ̀lú òfin pé fóltéèjì bus kankan ò gbọdọ̀ kọjá ààlà. Kò nílò neural network ńlá. Regression pẹ̀lú tábìlì tí a ti ṣírò sílẹ̀ tó o. Relay àtijọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá_Frequency:

Ìyẹn mo gbà. Kíka fídà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú yẹn ni iṣẹ́. Mítà tó ń rán nọ́ńbà wá lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 15 kò wúlò fún un.

Òkè_Òkun:

Mo fẹ́ fi kún un láti ibi tí dátà wà ṣùgbọ́n tí òtítọ́ ò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo Bìrìtìkó, 9 Oṣù Kẹjọ 2019. Mànàmáná bá wáyà 400 kV láàárín Eaton Socon àti Wymondley lẹ́yìn aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Relay ṣe iṣẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀tì kúrò láàárín 100 ms, wáyà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Nínú ìwé simulation èyíkéyìí, ọ̀ràn náà ti parí síbẹ̀, label rẹ̀ á jẹ́ "dúró".

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọgbà afẹ́fẹ́ Hornsea já láti 799 MW sí 62. Kọ́ńtíróòlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí fóltéèjì yẹ̀, ẹ̀rọ sì yọ ara rẹ̀ kúrò. Tọ́báìnì steam ní Little Barford náà jábọ́, 244 MW. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tó so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́, torí relay wọn rò pé wọ́n ti di erékùṣù. Setting àwọn mìíràn jẹ́ 0.125 Hz ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Reserve tó wà nílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,000 MW, ohun tó sọnù sì jù ú lọ. Frequency dúró díẹ̀ ní 49.1, tọ́báìnì gáàsì Little Barford kan tún lọ, ó wá bọ́ sí 48.8. Níbẹ̀ ni relay ti mú iná kúrò lọ́wọ́ oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Gúúsù Australia ní 28 Oṣù Kẹsàn-án 2016 tún ṣe kedere jù. Ìjì wó àwọn òpó, fóltéèjì yẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tọ́báìnì afẹ́fẹ́ kan ní kàǹtà nínú sọ́fítíwíà wọn: iye ìgbà báyìí ni mo lè fara dà á, lẹ́yìn rẹ̀ mo yọwọ́. Àwọn tó ń darí gíríìdì ò mọ̀ pé kàǹtà náà wà. 456 MW lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 7, ẹrù náà já lu ìsopọ̀ Heywood pẹ̀lú Victoria, òun náà jábọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Ẹ fi fọ́ọ̀tì kan ṣoṣo kọ́ módẹ́lì ní ìgbà mílíọ̀nù kan, kò ní rí kàǹtà yẹn láé, torí fọ́ọ̀tì kan kì í kà á dé orí nọ́ńbà tó ń pa á. Nítorí náà, Ọmọ_Kíláàsì, nínú 148,500 rẹ, fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ṣe fọ́ọ̀tì tó tẹ̀ léra wọn, méjì sí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Fi relay jẹnẹrétọ̀, under-frequency àti zone 2 (ìpele ẹ̀yìn, tó ń dúró díẹ̀) ti distance relay tó ń ṣọ́ wáyà sínú simulation fúnra rẹ̀. Zone 2 sábà máa ń dúró nǹkan bí 300 sí 400 ms kó tó já. Fọ́ọ̀tì tó wà ní ìkángun wáyà tí signal láàárín ibùdó méjì ò sì bá sí, irú àkókò yẹn ló máa fi wà níbẹ̀. Àkókò ìjá 80 sí 250 tí Adátàjọ kọ ò dé ibẹ̀.

Adátàjọ:

Mo gbà. Ẹ fi 400 ms kún un, kó di mẹ́rin: 198,000 ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́.

Ọ̀gá_Relay:

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ PMU. Nínú simulation, igun mọ́ bí omi orísun. Ní ìta, GPS ni aago PMU. Ní 50 Hz, microsecond kan jẹ́ 0.018°. Tí aago bá ṣìnà ní 1 ms, igun ti yẹ̀ ní 18°, módẹ́lì á sì rí jẹnẹrétọ̀ tó ń sá lọ níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti ń rọra yí. Ìlànà PMU gba àṣìṣe 1% nínú phasor, 0.57° nìyẹn, nǹkan bí 32 microsecond. Fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dá dátà ìdánwò lójú rú: yí igun PMU kan ní 5°, pa PMU méjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ kí férémù kan (ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan tí PMU rán) nínú ogún má dé. Bí módẹ́lì bá já lulẹ̀ nítorí PMU kan ṣoṣo, ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹnì kan jù.

Lórí irú módẹ́lì: fi decision tree tàbí random forest bẹ̀rẹ̀. Louis Wehenkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liège, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ti ń fi tree ṣe iṣẹ́ yìí láti ìparí àwọn ọdún 1980, kò sì tíì di ohun àtijọ́. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru lè kà á: MW lórí wáyà yìí ju iye báyìí lọ, fóltéèjì bus yìí kò tó iye báyìí, nítorí náà ewu. Ó mọ ohun tó máa dín kù. Graph network máa ń borí nígbà tí ìtò wáyà bá ń yí padà lójoojúmọ́, torí ó mọ ẹni tó so mọ́ ẹni. LSTM jẹ́ ti iṣẹ́ kejì.

Kí ó sì ní ibi tó ti ń sọ pé "mi ò mọ̀". Bí ìṣeéṣe ìṣubú tó sọ bá wà láàárín 0.1 sí 0.9, kí ó gbé ọ̀ràn fún simulation. Èyí tó bá jìnnà sí gbogbo ohun tó ti rí rí náà, ibẹ̀ ni kó lọ, kódà bí ó bá ń búra pé 0.99. Kó tó fọwọ́ kan brékà kankan, kí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oṣù púpọ̀, kí ó máa sọ ohun tí òun ì bá ṣe, kí wọ́n máa fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Kíláàsì:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: fún iṣẹ́ kejì, férémù mélòó lẹ́yìn tí brékà ṣí ni LSTM gbọ́dọ̀ kà? Mo rò ó sí 25, kó lè péye.

Ọ̀gá_Relay:

25 férémù ní 50 Hz jẹ́ 500 ms. Á péye lóòótọ́: á sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ti sọnù, lẹ́yìn tó ti sọnù. Ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì àkókò rẹ. Férémù 5 jẹ́ 100 ms. Kí dátà rìn láti ibùdó dé ọ̀dọ̀ módẹ́lì, ká fún un ní 100. Módẹ́lì fúnra rẹ̀ 10. Kí àṣẹ padà lọ kí brékà sì ṣí, 100 mìíràn. Ó ti di 310 ms, ó ku díẹ̀ ṣáájú ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Kọ́ módẹ́lì kan fún férémù 5, ọ̀kan fún 8, ọ̀kan fún 10. Èyí tí 5 bá dá lójú, kó ṣe é lójú ẹsẹ̀; èyí tí kò bá dá a lójú, kó dúró de 8.

Ìkìlọ̀ kan lórí férémù àkọ́kọ́. PMU kì í wọn phasor ní ojú ìṣẹ́jú kan. Ó ń fi ojú fèrèsé tó gùn tó cycle kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò ó. Nítorí náà férémù tó wá ní kété tí brékà ṣí ní ìdajì fọ́ọ̀tì nínú, ìdajì ìgbà tó ti kúrò. Igun inú rẹ̀ ò jẹ́ ti ẹnì kankan. Simulation ò ní fi èyí hàn ọ́ bí o bá ń mú igun rotor tààrà láti inú rẹ̀. Da férémù méjì àkọ́kọ́ nù, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka 5 láti orí ìkẹta, kí o sì yọ 40 ms yẹn kúrò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.